Ìrìn Tí Kò Níṣẹ́ Nínú

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ láàárín Dassa-Zoumè àti Cotonou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí tọkọtaya tí yóò wọ ọkọ̀ mi láìní ìdí. Ẹnì kan ti kú ní Bohicon, ọmọ wọn ti bímọ ní Porto-Novo, tàbí ara ọkọ ni kò yá tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gààrí ni ìyàwó fẹ́ lọ tà, tí ọkọ ń bá a lọ kó lè bá a bójú tó ẹrù. Bí o bá bi wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ, èsì ti wà lẹ́nu wọn kí o tó béèrè tán, nítorí iṣẹ́ ló lé wọn jáde nílé. Ẹni tó bá dáhùn pé òun àti ìyàwó òun kàn fẹ́ lọ wo òkun ni, àwọn èrò yòókù á wo ara wọn lójú. Wọ́n á ní ó ń fi nǹkan pamọ́.

Lónìí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni oníbàárà mi. Wọ́n á yọ àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kékeré, wọ́n á tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, wọ́n á ta aṣọ sí fèrèsé, wọ́n á ki sítóòfù onígáàsì àti kẹ́ẹ̀gì omi sábẹ́ ibùsùn. Ọkọ̀ ti di ilé nìyẹn. Ti àwọn òyìnbó máa ń tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn ní ilé ìdáná àti ibi ìwẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n òyìnbó nìkan kọ́ mọ́. Mo ti bá olùkọ́ kan àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì rin ìrìn yìí, mo ti bá àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Paris rìn ín nígbà tí wọ́n gba ìsinmi wá sílé, mo ti bá tọkọtaya láti Èkó àti Abẹ́òkúta rìn ín. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá: kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti ilẹ̀ olókè wa, kí wọ́n dé òkun, kí wọ́n máa bá etíkun lọ títí dé Lomé, kí wọ́n sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín dáadáa. Èmi ni mo ń wakọ̀ fún àwọn kan. Àwọn mìíràn ń wa tiwọn, èmi á sì jókòó tì wọ́n gẹ́gẹ́ bí amọ̀nà.

Àwọn àgbà kan nílùú wa kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ìfowóṣòfò ni wọ́n pè é. Wọ́n á rán ọ létí pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, wọ́n á ní ẹni tó bá jáde nílé láìní ìdí, wàhálà ló ń wá kiri. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ débi tí mo fi lè sọ èyí tí ojú mi rí, mo sì gbà pé nínú gbogbo ìrìn tí mo ti sin ènìyàn lọ, ìrìn tí kò níṣẹ́ nínú yìí wà lára èyí tó níyì jù lọ fún àwa ará òkè.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí a wà. Òkè 41 ni wọ́n ń kà mọ́ Dassa. Ìsàlẹ̀ àwọn òkè yìí ni ọ̀nà ńlá méjì ti pàdé: èyí tó ti Malanville àti Parakou bọ̀, àti èyí tó ti Natitingou, Djougou àti Savalou bọ̀. Láti ìkóríta náà dé Cotonou, nǹkan bí 200 kìlómítà ni. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Cotonou gòkè, tó dé Parakou ní 1936, àárín wa ló gbà kọjá. Ayé ń kọjá níwájú ilé wa lójoojúmọ́, àwa náà sì ń tà fún un: ẹ̀pà, ọsàn, iṣu, gààrí, wàrà àwọn Fúlàní. Láti 1954 ni àwọn Kátólíìkì ti ń gòkè wá ní oṣù kẹjọ ọdún sí ihò àpáta Arigbo, láti wá gbàdúrà níwájú Màríà Wúńdíá. Ará etíkun mọ òkè wa dáadáa. Àwa ni a kò mọ òkun wọn. Mo mọ àwọn ìyá tó dúró ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti kékeré, tí wọ́n ta ọjà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò tó ń lọ sí Cotonou, tí irun wọn fi funfun tí ojú wọn kò sì kan òkun.

Owó nìkan kọ́ ló fà á. Ọ̀nà òkun kì í ṣe ọ̀nà fàájì fún àwọn baba ńlá wa. Láyé ìjọba Dahomey, ogun Àgbómẹ̀, olú ìlú rẹ̀, máa ń jà wọ ilẹ̀ Ìdáàṣà, ìyẹn Dassa tiwa, ó ń jà wọ Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu. Àwọn òkè tí àlejò ń ya fọ́tò wọn lónìí, ibi ìsápamọ́ ni wọ́n jẹ́ nígbà náà. Àárín àpáta ni àwọn ènìyàn ń sá wọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ogun dé. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó o lọ: Àgbómẹ̀, Allada, Ouidah, òkun. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ níbẹ̀ kì í padà wá ròyìn bí omi náà ṣe rí. Ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀ láti 1808, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn ní Ouidah lọ sí Alabama. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis lọ́hùn-ún. Ìwádìí òpìtàn tọ́ka sí agbègbè Bantè, tí kò jìnnà sí wa, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó ti wá. Abile ni orúkọ obìnrin tí ó fẹ́, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n kó àwọn méjèèjì wá. Wọ́n bímọ, wọ́n jọ gbé ní ìletò Africatown tí àwọn tí wọ́n jọ dé dá sílẹ̀. Ó wu Kossola kó padà sílé títí ó fi dàgbà. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1935. Nígbà tí ìròyìn jáde ní 2019 pé wọ́n ti rí àwókù Clotilda nínú omi, tọkọtaya yìí ni mo ń rò ju ọkọ̀ náà lọ. Àwọn náà rìn lọ sí etíkun. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin ará òkè àti ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi òkun tí wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ lọ́nà, tí wọ́n sùn létí omi náà, tí wọ́n tún gòkè padà wá jẹ iyán nílé wọn, lójú tèmi, nǹkan ńlá ni wọ́n ṣe. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Gbogbo Yorùbá ló ń pa òwe yẹn, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu tiwa ju bó ṣe ń wúwo lẹ́nu ẹlòmíràn lọ.

Mo rántí tọkọtaya àgbà kan. Àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló fowó ránṣẹ́ pé kí n gbé wọn lọ. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Màmá ti ń ta gààrí láti ìgbà ọmọge. Bàbá kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí ni òun fẹ́ lọ ṣe níbi tí òun kò ti lẹ́bí. Màmá ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù: “Bàbá wọn, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ.” Ni Bàbá bá wọ agbádá tó fi ń ròde, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà aláwọ tí ó ti fi pólíṣì dán, ó sì jókòó síwájú ọkọ̀ láìsọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Bohicon.

Ọ̀sán ni a dé Grand-Popo. Mo gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi àgbọn, mo ṣílẹ̀kùn. Ariwo rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, nítorí yanrìn tó ga díẹ̀ bo omi lójú wa. Bàbá bi mí bóyá ọkọ̀ àjàgbé ló ń kọjá. Màmá ti sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀, ó ti ká ìró dé orúnkún, ó ti ń lọ. Nígbà tí ìgbì àkọ́kọ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń fa yanrìn padà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó kígbe, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó pe ọkọ rẹ̀: “Bàbá wọn, ẹ wá o! Iyọ̀ ni lóòótọ́! Gbogbo ẹ̀ pátá!” Bàbá dúró lórí yanrìn gbígbẹ pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jókòó, kó tó tú okùn bàtà, kó tó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò rí i kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú níta rí. Ìgbì tó tẹ̀ lé e ga, ó rẹ agbádá Bàbá dé ìbàdí, ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú Màmá.

Lálẹ́, wọn kò jẹ́ kí n wá yàrá fún wọn. Màmá ní inú ọkọ̀ ni òun máa sùn, níbi tí òun á ti máa gbọ́ ariwo omi. Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ igi. Ohùn wọn ń ta sí mi létí títí òru fi jìn: wọ́n ń sọ nípa ọmọ wọn kan tó kú ní kékeré, nípa ilẹ̀ kan tí wọn ì bá má tà, nípa ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ wá ra gààrí lọ́wọ́ Màmá tí kò sì sí ṣéńjì, tí ó fi ní láti padà wá lọ́jọ́ kejì. Bí a bá ń sọ nípa ìfowóṣòfò, alẹ́ yẹn ni mo máa ń rántí. Nílé wa, ọkọ ní yàrá tirẹ̀, ìyàwó ní ìdí àdògán tirẹ̀. Ọmọ, ẹbí, àlejò àti aládùúgbò wà láàárín wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìyẹn dára, òun ló ń gbé ilé ró. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ènìyàn méjì kì í ráyè sọ níbi tí ènìyàn ti pọ̀. Iṣẹ́ pàápàá kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lọ́nà, torí pé ibi òkú tàbí ibi ọjà tí wọ́n ń lọ ti gba gbogbo ọkàn wọn.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ohun tó bá jáde máa ń dùn. Ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà, áńbọ̀sì ọkọ àti ìyàwó tó jọ wà nínú ọkọ̀ gbígbóná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan wá láti Èkó, bọ́ọ̀sì wọn lẹ́wà, wọ́n kun inú rẹ̀ ní àwọ̀ aró. A kò tíì dé Allada tí ìjà fi dé. Fóònù ìyàwó sọ pé ọ̀nà kan ló yá jù, ọkọ ní ọ̀nà ọ̀dà ni òun máa gbà, èyí fa tọ̀hún, tọ̀hún fa ọ̀rọ̀ àná, ọ̀rọ̀ àná fa orúkọ ìyá ọkọ. Wọ́n ní kí n má dá sí i. Mo dákẹ́. Nígbẹ̀yìn, ọ̀nà àwọn apẹja, tó gba etí òkun láti Cotonou lọ sí Ouidah, ni wọ́n gbà. Lónìí, wọ́n ti da ọ̀dà sórí ọ̀nà yẹn. Nígbà náà, yanrìn ni, ó sì gbé táyà wọn mì níwájú abúlé apẹja kan. Ọkọ tẹ iná mọ́ ọkọ̀ nínú, táyà ẹ̀yìn kàn ń gbẹ́ kòtò fún ara wọn ni.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa ẹ́ńjìnnì. Mo wá igi tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi tẹ ojú fáàfù táyà kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ń tú jáde, táyà ń wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹ̀ lórí ilẹ̀. Táyà tó le máa ń gé yanrìn. Èyí tó rọ̀ ló ń gun orí rẹ̀. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko. Ìyàwó ti lọ ṣa imọ̀ àgbọn wá, ó ń tẹ́ ẹ síwájú táyà láìwo ojú ọkọ rẹ̀. Àwọn apẹja fi àwọ̀n wọn sílẹ̀, wọ́n wá tì wá jáde, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe ni pé ká wá bá wọn fa àwọ̀n, nítorí ọwọ́ kò tó.

Ẹni tí kò bá rí i rí, ó yẹ kó rí i. Ọkọ̀ igi á kọ́kọ́ gbé àwọ̀n lọ jìnnà sínú òkun, á sì yí i ká. Orí okùn rẹ̀ méjèèjì wà lórí ilẹ̀, wọ́n jìnnà sí ara wọn gan-an, ọ̀wọ́ ènìyàn kan á di ìkíní mú, ọ̀wọ́ mìíràn á di ìkejì mú: ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ilé ìwé. Wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn. Bí àwọ̀n bá ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́ méjèèjì ń sún mọ́ ara wọn. Ọkọ lọ sídìí okùn kan, ìyàwó mọ̀ọ́mọ̀ lọ sídìí ìkejì. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí àwọ̀n fi máa jáde pẹ̀lú ẹja tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú rẹ̀, èjìká wọn ti kan ara wọn, àtẹ́lẹwọ́ ọkọ ti bó, ìyàwó sì ti ń tú gèlè rẹ̀ láti fi dì í. Wọ́n bu ẹja fún wa pẹ̀lú àwọn tó kù. A dín in lórí sítóòfù lẹ́yìn bọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́, mi ò sì gbọ́ orúkọ ìyá ọkọ mọ́ títí a fi dé Lomé, àfi nígbà tí wọ́n ń ra aṣọ fún un.

Ìjà tí fóònù dá sílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mi ò kórìíra rẹ̀. Ó ti gbà mí lọ́wọ́ ìyípo púpọ̀ ní Cotonou. Ṣùgbọ́n abéèrè kì í ṣìnà, òwe yẹn kò sì sọ nípa ọ̀nà nìkan. Nínú ọkọ̀ Peugeot 504 ayé àtijọ́, ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń fún mọ́ra wọn; kí ọkọ̀ tó dé Bohicon, wọ́n ti mọ ilé ara wọn, ẹnì kan ti bá ọmọ ẹlòmíràn wá iṣẹ́, ìyá arúgbó ẹ̀yìn ọkọ̀ ti tọ́ka sí ibi tí àkàrà ti dùn jù. Tọkọtaya tó wà nínú ọkọ̀ ilé kò ní irú àjọṣe yẹn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra, fóònù ń sọ̀rọ̀ sí wọn. Fóònù mọ ọ̀nà, kò mọ ènìyàn. Kò lè sọ fún ọ pé baálẹ̀ abúlé yìí máa ń fẹ́ kí àlejò kí òun kó tó pàgọ́, tàbí pé omi òkun níwájú ibi tó dára tó yìí ti gbé ọmọ ènìyàn lọ lọ́dún tó kọjá. Etíkun wa kì í ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Ìgbì rẹ̀ ń fa ènìyàn wọlé. Nítorí náà, mo máa ń ní kí wọ́n pa ohùn fóònù náà lẹ́yìn Ouidah, kí ọkọ béèrè ọ̀nà ní ìdajì àkọ́kọ́, kí ìyàwó béèrè ní ìdajì kejì. Ibi tí wọ́n ti béèrè ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ jẹ.

Ní ti Ouidah, ibẹ̀ ni mo ti máa ń dá ẹ̀rín dúró. Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ sí etí omi ní 1995 wà níbẹ̀, ọ̀nà tó ti inú ìlú lọ bá a sì tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin. Mo ti rí tọkọtaya tó fẹ́ fẹnu ko ara wọn lẹ́nu lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò. Mo bẹ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wọ́n ṣe ìyẹn ní Grand-Popo. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí inú wọn bàjẹ́; ìbànújẹ́ àfipáṣe kò wúlò fún òkú. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe rèé: kí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ débẹ̀, kí wọ́n wo òkun, kí n sọ ìtàn Kossola àti Abile fún wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí omi, kí wọ́n fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà padà sínú ìlú. Èmi á máa wakọ̀ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ mi níyẹn, bóyá oòrùn ibẹ̀ ni. Àwọn kan sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà náà, àwọn kan kò sọ̀rọ̀. Obìnrin Savalou kan kí ojú ọ̀nà náà bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wọn, ní ìkúnlẹ̀, ó sì dìde, ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú. Tí wọ́n bá ti dé inú ìlú, a máa ń lọ jẹun, ẹ̀rín á sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ ibodè kò ní gùn. Ní 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i ní Dakar pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Cotonou wa níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn káàdì aláwọ̀ búráùn ní 1982, èyí tó jẹ́ kí ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Tógò, kí ti Nàìjíríà ṣiṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Owó kan náà ni a sì ń ná pẹ̀lú Tógò, nítorí náà ibodè Hillacondji kì í dẹ́rù bà mí. Èyí tó dun àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ìgbà tí Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Àdéhùn wà lórí ìwé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo rí àwọn àna tí wọn kò lè dé ibi ìgbéyàwó ọmọ wọn, ká má tíì sọ ẹni tó fẹ́ ṣe fàájì.

Àwọn kan ń rin ìrìn tó kọjá tiwa fíìfíì. Ọmọ Jámánì kan, Gunther Holtorf, fi Mercedes kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ní Otto rìn ká ayé títí di 2014, nǹkan bí 900,000 kìlómítà. Christine tó jẹ́ alábàárìn rẹ̀ bá a rìn fún nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n ń sùn nínú ọkọ̀ náà, kí ó tó kú ní 2010. Ní 2024, ọmọ wa obìnrin, Pelumi Nubi, dá nìkan wa ọkọ̀ láti London dé Èkó, etíkun yìí kan náà ló sì gbà wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi ń dárúkọ rẹ̀, inú mi ń dùn sí i. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Àmọ́ mo ti rí i pé àwọn kan ń fi irú ìrìn ńlá bẹ́ẹ̀ wọn ìrìn kékeré tiwọn. Ọkọ kan fẹ́ kan orílẹ̀-èdè mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́ta kí ó lè kọ ọ́ sára ọkọ̀. Ó dé gbogbo wọn. Ìyàwó rẹ̀ sùn nínú ọkọ̀ já gbogbo rẹ̀, ó sì sọ fún mi nígbà tí a padà dé pé òun kò mọ èwo ni Aného ní Tógò, èwo ni Keta ní Gánà.

Aného yẹn gan-an, ó yẹ kí ènìyàn rọra wò ó, nítorí kò ní pẹ́ dúró bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò Volta ní Akosombo ní 1965, tí wọ́n sì ti kọ́ èbúté Lomé ní 1968, yanrìn tí omi máa ń kó wá tún etíkun ṣe kò dé bó ṣe yẹ mọ́, òkun sì ń jẹ ilẹ̀. Ní Grand-Popo, èyí tó pọ̀ nínú ìlú àtijọ́ ti wọ omi. Igi àgbọn tí mo máa ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀ láyé tọkọtaya àgbà yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Tọkọtaya tó bá padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan máa ń dúró, wọ́n á máa jiyàn ibi tí àwọn sùn sí, inú omi sì ni ibẹ̀ wà.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi ibodè Sèmè bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló yá jù. Ẹ gba Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá wọ Kétu, ẹ gòkè lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, kí ẹ ti ibẹ̀ bọ́ sí Dassa. Ẹ jẹ iyán lọ́dọ̀ wa, ẹ gun ọ̀kan nínú òkè náà ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ lè rí bí ilẹ̀ ṣe ń tẹ́ sílẹ̀ lọ síhà òkun. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ló dára jù, nígbà tí òjò kò sí. Ẹ ra epo nílé epo, ẹ má ra kpayo, epo fàyàwọ́ inú dẹ̀mìjọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì òde òní kò fara dà á. Ọjọ́ mẹ́rin tó láti dé Lomé bí ẹ kò bá sáré. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí n bá wọn dá ọkọ̀ padà láti Lomé kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọjọ́ méjì kún un, kí a jọ gòkè padà wá sí Dassa, èmi kì í sì í gba owó ọjọ́ méjì yẹn lọ́wọ́ wọn.